Kọ̀ǹpútà Kan Kì Í Dá Wà

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10. Bí ẹ bá wà ní ọgbà yunifásítì lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní rí nǹkan kan tó yàtọ̀. Akọ̀wé ẹ̀ka tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ tàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí láàbù, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹ̀rọ kankan ò dákẹ́, àfi èyí tí NEPA bá mú iná rẹ̀ lọ. Ibi tí ìṣòro àwa tí a wà ní ẹ̀ka ICT ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn: a ní láti lọ bá èèyàn tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ká sọ fún un pé a fẹ́ tú u.

"Kí ló ṣe é?" Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi wá nìyẹn, ó sì tọ́ kí wọ́n bi wá. Windows, bíi gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tó bá tóbi, ní ihò lára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ihò náà, àwọn tó kọ ọ́ pàápàá ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá rí ọ̀kan, Microsoft á gé àbùlẹ̀ lé e, á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni àwọn àbùlẹ̀ yìí máa ń jáde. Láti ọjọ́ 14 yẹn, ihò á ṣì máa yọ lára Windows 10, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá sanwó ò ní rí àbùlẹ̀ gbà mọ́. Èyí tó tún burú ni pé Windows 10 àti Windows 11 jọ ní ọ̀pọ̀ nǹkan nínú. Bí wọ́n bá lẹ ihò kan lára 11, olè á wo ibi tí wọ́n lẹ̀, á wá lọ fi ọwọ́ tọ́ ibẹ̀ wò lára 10.

Kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft fi àbùlẹ̀ kan síta fún ihò tó wà lára ọ̀nà tí Windows ń gbà pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, WannaCry jáde. Ihò yẹn gan-an ló ń gbà wọlé, ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti dá aláìsàn padà sílé. Nǹkan bí oṣù méjì ni àbùlẹ̀ ti wà nílẹ̀ tí àwọn kan ò tíì fi í sí i.

Ṣùgbọ́n yunifásítì là ń sọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Maastricht, ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Ní àárín oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ẹnì kan ní yunifásítì ibẹ̀ ṣí línkì inú ímeèlì kan tí kò yẹ kó ṣí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ṣí òmíràn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Olè ti wọlé, ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe to ilé. Ó ń rìn láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ títí ó fi kan sáfà tí wọn ò fi gbogbo àbùlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti rí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, tí èèyàn ti ń múra Kérésìmesì, ó ti sáfà 267 pa, títí kan díẹ̀ lára ibi tí wọ́n kó ẹ̀dà ìpamọ́ sí. Yunifásítì náà san bitcoin 30, nǹkan bí 200,000 yúrò nígbà náà, kí wọ́n tó rí fáìlì wọn ṣí.

Ọlọ́pàá padà rí díẹ̀ gbà nínú owó náà. Bitcoin ti gbówó lórí débi pé èyí tó jẹ́ 40,000 yúrò nígbà tí wọ́n san án ti di nǹkan bí 500,000 ní ọdún 2022. Yunifásítì ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ń han léèmọ̀ ni òun yóò fi ràn lọ́wọ́. Èmi ò tíì gbọ́ olè tó bá ẹni tó jà lólè fi owó pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo yìn wọ́n fún jù ni pé ní oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n pe àwọn èèyàn jọ, wọ́n sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní gbangba, kí yunifásítì mìíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ wọn ni wọ́n pa tì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan kì í dá wà. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún olè láti kan èyí tí ẹ tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka ICT kì í fi í lè sọ pé, "Ó dáa, ẹ̀rọ tìrẹ nìkan, a ó fi í sílẹ̀ fún ọ."

Iṣẹ́ náà wá ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò dùn ún wò rárá: kíkà. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ọgbà pé kọ̀ǹpútà mélòó ló wà níbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ìdáhùn kan náà lẹ́nu èèyàn méjì. Bọ́sárì ra díẹ̀. Owó TETFund ra díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan fi owó ìwádìí ra tirẹ̀, kò sì gba ìwé ìṣírò kankan kọjá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi ogún ta ẹ̀ka wọn lọ́rẹ. Ẹnì kan gbé tirẹ̀ wá láti ilé nítorí tí tọ́fíìsì ń lọ́ra. Ètò wà tó lè lọ káàkiri nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó máa ka ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá pa kì í dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín, láti yàrá dé yàrá, ìwé lọ́wọ́.

A ń kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ, prósẹ́sọ̀, mẹ́mọ́rì àti dísíìkì. Lẹ́yìn náà la ń kọ ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: kí ló so mọ́ ọn, kí sì ni olówó rẹ̀ ń fi ṣe tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́ lónìí, nǹkan á dúró?

Kí Windows 11 tó wọ ẹ̀rọ kan, ó ní ohun tó ń béèrè. Mẹ́mọ́rì 4 GB àti àyè 64 GB, ìyẹn ò nira. Ohun méjì ló ń dá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ dúró. Àkọ́kọ́ ni TPM 2.0, ohun kékeré kan nínú ẹ̀rọ tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìpamọ́ bí àpótí irin inú báńkì. Ó máa ń wà nínú ẹ̀rọ mìíràn, kó jẹ́ pé wọ́n kàn pa á ni. Ẹ ó wọ inú BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ jí kí Windows tó tàn, ẹ ó tan TPM náà, ọ̀rọ̀ parí. Èkejì ni prósẹ́sọ̀. Ti Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni Microsoft gbà, ìyẹn èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 2017. Bí ẹ ṣe máa mọ ìran rẹ̀ rọrùn: ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì nínú orúkọ rẹ̀. i5-7300U, ìran keje ni, kò wọlé. i5-8250U, ìran kẹjọ ni, ó wọlé. i5-1035G1, ìran kẹwàá ni, kì í ṣe ìran kìíní. Mo ti rí ẹni tó fi ìyẹn ta ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́pọ̀.

Mo sọ èyí nítorí tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní ọgbà wa ló ń ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, mi ò sì bá wọn jà, torí owó tuntun ò ṣe é gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n HP EliteBook 840 G3 àti G5 jọra lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, wọ́n sì lè jókòó sórí tábìlì kan náà ní Ikeja. Ìran kẹfà ni G3. Ìran kẹjọ ni ọ̀pọ̀ G5. Ẹni tó bá ra ogún G3 nítorí pé ó fi díẹ̀ dín lówó, ẹ̀rọ tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé ló rà.

Bí kíkà bá parí, òkìtì mẹ́ta ló máa ń jáde. Àwọn kan wà tó kù díẹ̀ káàtó: ẹ tan TPM, tàbí ẹ fi mẹ́mọ́rì kún un, tàbí ẹ yọ dísíìkì oníyípo tó ti gbó kúrò, kí ẹ fi SSD sí i. Nínú gbogbo owó tí ẹ̀ka ICT lè ná, mi ò rí èyí tó ń mú inú èèyàn dùn kíákíá bíi ti SSD. Ẹ̀rọ tó máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tàn á tàn kí ẹ tó rí àga jókòó. Àwọn kan wà tí kò nílò nǹkan kan. Àwọn kan sì wà tí kò lè wọlé láéláé.

Fún àwọn tí kò lè wọlé, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Microsoft ń ta àbùlẹ̀ Windows 10 fún ilé ẹ̀kọ́ ní dọ́là 1 lórí ẹ̀rọ kan lọ́dún kìíní, dọ́là 2 lọ́dún kejì, dọ́là 4 lọ́dún kẹta. Ó parí síbẹ̀. Bí agbòjò àyálò ni: ó wúlò bí òjò bá ń rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òrùlé. Mo gbà á níyànjú fún ẹni tó ń fi ọdún mẹ́ta yẹn wá owó, kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ fi í sùn. Ọ̀nà kejì ni Linux, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń sọ ẹ̀rọ àtijọ́ di èyí tó ṣe é lò fún ẹni tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ tó gbọ́n lórí ẹ̀rọ á sọ fún yín pé ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí ẹ lè fi ti Windows 11 wọ inú ẹ̀rọ tí kò gbà á. Òótọ́ ni. Ẹ má ṣe é ní ọgbà. Microsoft ò ṣèlérí àbùlẹ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àbùlẹ̀ ọ̀hún ló sì gbé wa débí.

Ó wá ku ìgbà tí a ó ṣe é. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ní yunifásítì rí á ní, "Ẹ dúró kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìsinmi." Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Ìgbà ìsinmi ni Bọ́sárì lè máa ka ìṣírò ọdún, tí ẹ̀ka ìgbaniwọlé ń tọ pinpin lórí orúkọ tó ti JAMB wá, tí àwọn olùkọ́ ń kó èsì ìdánwò sórí pọ́tàlì kí Sẹ́nétì tó jókòó. Ìyanṣẹ́lódì ńkọ́? ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, lè yanṣẹ́ lódì kí ọgbà pa lọ́lọ́, ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ wa wà. Tiwa lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí tiwọn bá parí.

Nítorí náà, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ nínú ọdún, a sì máa ń kọ ọ́ sórí pátákó: ọ́fíìsì lápá kan, ọ̀sẹ̀ lókè, a ó fi lẹ́ẹ̀dì pupa pa ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ọdún kìíní ti ń ṣe ìdánwò GST lórí kọ̀ǹpútà, pupa ni láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdánwò. Ọ́fíìsì owó oṣù, pupa ni láti ọjọ́ 20 títí oṣù á fi parí. Ẹ gbìyànjú kí owó oṣù pẹ́ ní ọjọ́ méjì nítorí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo ohun tí wọ́n máa pe ìyá yín.

A kì í sì í ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn bàbá wa ò fi orúkọ yẹn ṣeré. Ohun tó bá bàjẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó di ọjọ́ Ajé kí a tó rí gbogbo èèyàn tó lè tún un ṣe. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ni iléeṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ olè, fi fáìlì kékeré kan tó lábùkù ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ káàkiri ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà tó tó mílíọ̀nù 8.5 dákẹ́, bàlúù ò gbéra, ilé ìwòsàn dúró. Fáìlì náà kì í ṣe ti olè, ti ẹ̀ṣọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún, àwọn díẹ̀ náà ni ìbá kú, tí àwọn yòókù á sì bọ́. Nítorí ìyẹn, ara wa la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì ICT ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ̀ka kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa, lẹ́yìn náà ẹ̀ka mẹ́ta. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ṣé ẹ wá rò pé a máa ń jókòó síwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ká tẹ bọ́tìnì, ká máa wo bó ṣe ń wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Windows 11 tó bí 5 GB. Ká ní ẹ̀rọ 300 la fẹ́ ṣe. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá lọ gbé tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀, 1,500 GB nìyẹn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré ní mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá, yóò gba wákàtí 33, bí ẹnikẹ́ni ní ọgbà ò bá ṣe nǹkan mìíràn rárá fún wákàtí 33 yẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú méje ni. Ká wá máa pín in láàárín ara wa lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọgbà, tí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ti láàbù tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó to kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tán pátápátá: Windows, àbùlẹ̀, ètò tí olùkọ́ máa lò láti kọ́ wọn. A ó wá ya gbogbo inú rẹ̀ bí ẹni ya fọ́tò. Ímééjì là ń pè é. Clonezilla àti FOG ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Kí a tó yà á, a ní láti fọ orúkọ àti ìdánimọ̀ rẹ̀ kúrò. Bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ogójì ẹ̀rọ á jí lọ́jọ́ kejì tí gbogbo wọn ń jẹ́ Táíwò, bí olùkọ́ bá pe Táíwò, gbogbo wọn á dáhùn. Lẹ́yìn èyí, a ó tan ogójì ẹ̀rọ náà, a ó sọ fún wọn kí wọ́n má wo dísíìkì ara wọn, kí wọ́n ké sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún oúnjẹ. Sáfà ò sì ní máa bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí ni: ẹni kan ló ń sọ̀rọ̀, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, a ń ṣe láàbù ológójì kọ̀ǹpútà. A ti tan jẹnẹrétọ̀ láti aago méje. Ogún ìṣẹ́jú la retí pé yóò gbà. Ojú ẹ̀rọ gbogbo dúdú, lẹ́tà funfun ń sáré lórí wọn. Ọmọ tó ń ṣe IT lọ́dọ̀ wa wò ó títí, ó ní, "Ọ̀gá, wákàtí kan àti ààbọ̀ ló kọ síbí o." Mo ní kó wò ó dáadáa. Ó ní òun ti wò ó.

Ohun tó fà á ni pé nínú irú ìkéde bẹ́ẹ̀, sáfà kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń dúró de ẹni tó lọ́ra jù. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń fa ogójì lẹ́sẹ̀. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ, à ń wo iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mọ́kàndínlógójì ń tan àwọ̀ kan. Èyí tó wà nítòsí fèrèsé ń tan àwọ̀ mìíràn. Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ nínú. Kí ó tó lè sáré dé mẹ́gábíìtì 1,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ pé. Bí ọ̀kan bá já, yóò fi mẹ́rin ṣe é, á sì padà sí 100. Ẹsẹ̀ àga ló jókòó lé okùn náà, bóyá láti ọdún méjì sẹ́yìn, tí kò sì sẹ́ni tó mọ̀, torí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń lọ lórí ẹ̀rọ ọ̀hún. A pààrọ̀ okùn olówó pọ́ọ́kú kan, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ò pé.

Ọ̀rọ̀ iná náà ò ṣe é fojú di. Bí Windows bá ń wọlé tí iná lọ, ẹ ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sọ BIOS fúnra rẹ̀ di tuntun tí iná lọ láàárín, ẹ̀rọ náà lè má tàn mọ́ rárá. A kì í ṣe ìyẹn lórí NEPA láìsí UPS, ì báà jẹ́ pé iná ò lọ láti àná.

Láàbù ló rọrùn jù, torí kò sí ẹni tó ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì ni iṣẹ́ wà. Akọ̀wé àgbà kan wà tí mo máa ń bọ̀wọ̀ fún gidigidi, torí bó bá ti sọ pé lẹ́tà kan wà, ó wà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la fẹ́ wá ṣe kọ̀ǹpútà yín."

"Ọmọ mi, má fọwọ́ kan nǹkan mi o. Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn, lẹ́tà ọdún mẹ́ta ló gbé lọ."

"A ò ní gbé nǹkan kan lọ, mà. Ibo lẹ ń kó fáìlì yín sí?"

Ó na ìka sí ojú ẹ̀rọ. Fáìlì bò ó láti igun dé igun, ẹ ò lè mọ àwòrán tó wà lẹ́yìn wọn. "Ibẹ̀ náà ni. Bí mo bá fi sínú fódà, báwo ni mo ṣe máa rí i?"

Ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Fún un, ipò tí fáìlì wà lójú ẹ̀rọ ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá dá gbogbo fáìlì padà láìku ẹyọ kan, ṣùgbọ́n tí a tò wọ́n ní A, B, D, a ti bà á jẹ́ nìyẹn. Fóònù ni mo yọ, mo ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn tí a ṣe tán, a fi wákàtí kan to fáìlì padà sí ìdúró wọn bí fọ́tò ṣe wí. Inú ọmọ IT ò dùn sí wákàtí yẹn. Èmi mọ̀ pé òun ló jẹ́ kí ọ́fíìsì mẹ́rin tó kù ní kọ́rídọ̀ yẹn ṣílẹ̀kùn fún wa.

Ní Bọ́sárì, ohun mìíràn ni. Ètò ìṣírò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà Windows 98. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 10 tó jẹ́ ti bíìtì 32. Windows 11 ò ní ti bíìtì 32 rárá, irú ètò àtijọ́ bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ ti bíìtì 16, ò sì lè tàn lórí rẹ̀. Prínńtà onípípa tó ń tẹ ìwé owó oṣù sì so mọ́ ètò yẹn. Ẹ rí i pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà la fẹ́ pààrọ̀ mọ́: kọ̀ǹpútà, ètò, prínńtà, àti ọ̀nà tí èèyàn mẹ́fà ń gbà ṣiṣẹ́ ni. Irú rẹ̀ wà nínú láàbù Kẹ́mísírì, níbi tí ẹ̀rọ ìwádìí olówó gọbọi ti ń gbọ́rọ̀ sí Windows XP nìkan lẹ́nu. Ẹ̀rọ ìwádìí náà ò ní àrùn kan. Kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ ló dàgbà. Irú àwọn yìí, a kì í fi tipátipá pààrọ̀ wọn. A máa ń yọ okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ni, kí wọ́n dá wà gan-an, kí fáìlì máa gba orí fílááṣì tí a ti yẹ̀ wò jáde. Àwọn nìkan ni kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀ tó ń dá wà lóòótọ́, àwa la sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀ láti ibòmíràn. Láptọ́ọ̀pù wọn sábà máa ń ní BitLocker, tó ń fi àdìtẹ̀ bo gbogbo dísíìkì. TPM ló ń ṣí i láìjẹ́ kí olówó rẹ̀ mọ̀. Bí a bá tún BIOS ṣe, TPM lè fura, á kọ̀, ẹ̀rọ á wá béèrè nọ́ńbà 48, mẹ́fà mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ. Bí nọ́ńbà yẹn ò bá sí níbì kankan, gbogbo ìwádìí inú rẹ̀ ti lọ, àwa náà ò lè ṣí i. A kì í fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi rí nọ́ńbà náà lórí bébà, tàbí kí a dá BitLocker dúró ná.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ní i lẹ́nu. Ní Yunifásítì Kyoto ní ilẹ̀ Japan, ó wà níti gidi, fún kọ̀ǹpútà ìṣirò ńlá wọn. Láàárín ọjọ́ 14 sí 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ètò ìpamọ́ náà gan-an ló pa fáìlì tó tó mílíọ̀nù 34 rẹ́, tẹ́rábáìtì 77. Iléeṣẹ́ HPE tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ti tún ètò náà kọ kó lè dára sí i, wọ́n sì gbé ẹ̀dà tuntun lé orí ti àtijọ́ nígbà tí ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń kà á ló ń ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti àtijọ́, ó já sí àárín ti tuntun. Àṣẹ tó yẹ kó pa àkọsílẹ̀ tó ti ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ rẹ́ ò mọ ibi tí wọ́n ní kó wò mọ́, ló bá yí sí fáìlì àwọn olùwádìí. Ikọ̀ 14 ni ó kàn. Mẹ́rin nínú wọn ò rí tiwọn gbà padà. HPE gbà pé ẹ̀bi àwọn ni.

Lẹ́yìn tí mo ka ìyẹn, mo yí nǹkan méjì padà. A kì í fọwọ́ kan ètò ìpamọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà kan sì wà lórí dísíìkì tí okùn kankan ò so mọ́, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ilé mìíràn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a ń mú fáìlì kan láti inú rẹ̀, a ń ṣí i, a ń kà á. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìpààrọ̀ ni fóònù ń dún jù. "Prínńtà mi dà?" "Páásíwọ̀ọ̀dù mi ò wọlé." Ọ̀pọ̀ ò fẹ́ràn pé a ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n gba nọ́ńbà. Wọ́n rò pé ìgbéraga ọ́fíìsì ni. Ṣùgbọ́n bí èèyàn méjìlá bá kọ ọ́ pé prínńtà òkè kẹta ò ṣiṣẹ́, ẹjọ́ méjìlá kọ́, àìsàn kan ni. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún ẹni méjìlá nínú wa lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ó ku àwọn tó ti ṣe tán lẹ́nu iṣẹ́. Ní yunifásítì ìjọba, ẹ ò kàn lè gbé kọ̀ǹpútà tó ti kú jùnù tàbí kí ẹ gbé e lọ sílé. Bọ́ọ̀dù ní láti jókòó, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé kò wúlò mọ́. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, inú dísíìkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, torí èsì ìdánwò àti nọ́ńbà báńkì òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Kí a kàn pa fáìlì rẹ́ ò tó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á gbé e padà. Ti dísíìkì oníyípo, a ń kọ nǹkan mìíràn bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. SSD máa ń fi àyè kan pamọ́ fún ara rẹ̀ tí ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ kì í dé, àṣẹ tirẹ̀ ló ní tó ń fọ ọ́ mọ́. Èyí tí kò bá tàn mọ́ rárá, dírìlì la fi ń lu ú já, ihò mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìyẹn la ń padà sínú ìwé tí a fi ẹsẹ̀ rìn kọ lọ́jọ́ kìíní, a ó wá nọ́ńbà ẹ̀rọ náà, a ó kọ ọjọ́ tó jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mọ́kànlélógún ló ṣì wà ní yàrá àkójọ wa báyìí, tí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà wọn ṣófo. Bọ́ọ̀dù ò tíì jókòó.